Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti Iṣẹ́ Fóònù Títà ní Ìkẹjà

Òwò fóònù alágbèéká wà lára àwọn òwò tí ojú ẹni tó ń rajà máa ń fo iṣẹ́ inú wọn dá, nítorí pé ohun tí oníbàárà ń rí kò ju àpótí onígíláàsì, ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, àti owó tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Yorùbá ló gbà pé ọmọ tí kò rí iṣẹ́ ọwọ́ gidi kọ́ ni í lọ síbẹ̀, àti pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ti dùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá, ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsọyé yìí kò fara mọ́ èrò náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni fóònù títà, ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì ń lo ọdún rẹ̀ kọ́ níbẹ̀ ju ohunkóhun lọ ni bí ojú ṣe ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, yálà lára fóònù, lára owó, tàbí lára ènìyàn. Àléébù ẹ̀kọ́ náà kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Inú àdéhùn tí wọn kì í kọ sílẹ̀ ló wà.

Ọjà tó lórúkọ jù fún òwò yìí ní Nàìjíríà ni èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó ti òpópónà Otigba tàn dé Ọlá-Ayéní, Pepple àti àwọn àdúgbò tó yí wọn ká. Ilé gbígbé ló pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gba yàrá ìsàlẹ̀ níbẹ̀, tí yàrá di ṣọ́ọ̀bù, tí ṣọ́ọ̀bù sì di ọjà. Ohun tó sọ ọjà kọ̀ǹpútà náà di ọjà fóònù ni ìwé àṣẹ ìlà fóònù alágbèéká tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gbé sí gbàǹjo ní oṣù kìíní ọdún 2001, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lọ ní mílíọ̀nù 285 dọ́là, tí ilé-iṣẹ́ Econet àti MTN sì tan ìlà wọn ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù. Síìmù, ìyẹn káàdì pẹlẹbẹ tó ń gbé nọ́ḿbà ènìyàn, ju 20,000 náírà lọ nígbà náà, ìṣẹ́jú kan ìpè ń gba nǹkan bí 50 náírà, wọ́n sì máa ń gba owó ìṣẹ́jú kan gbáko lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì kí ìyá rẹ̀ tán, títí tí Glo fi dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 tó sì ń fi ìṣẹ́jú àáyá ṣírò owó. Àwọn kan lára àwọn tó di ọ̀gá lónìí, abẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá títì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi fóònù kan ṣoṣo ta ìpè fún àwọn tí kò lágbára láti ra tiwọn.

Ọ̀wọ́ fóònù tó wá gba ìgboro kan nígbà tó yá ni ti Transsion, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà tó ni Tecno, itel àti Infinix. Ilé-iṣẹ́ yìí ṣàkíyèsí pé síìmù méjì tàbí mẹ́ta ni ènìyàn máa ń ní ní Nàìjíríà, nítorí pé ìpè láti ìlà kan sí òmíràn wọ́n, ìlà kan sì lè dákú níbi tí èkejì ti ń já geere. Ó wá ṣe fóònù onísíìmù méjì ní iye tí apá ń ká, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù kò tíì ka ọ̀rọ̀ náà sí. Láti ìgbà náà ni irú òṣìṣẹ́ kan ti wọ ọjà, tí wọ́n ń pè ní pòrómótà. Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe fóònù ló ń sanwó oṣù rẹ̀, ẹ̀wù aláwọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ló ń wọ̀, iye fóònù tí ó gbọ́dọ̀ tà láàárín oṣù kan sì wà lákọsílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn ń gbà wọ òwò náà ni kí ó gba iṣẹ́ olówó oṣù ní ilé-ìtajà ńlá bíi Slot, tí Nnamdi Ezeigbo dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà níbẹ̀ kí ó tó la ẹ̀ka sí àwọn ìlú mìíràn. Àmọ́ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí jù ni ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀nà méjì sì ni èyí pín sí. Lọ́dọ̀ àwọn Ígbò, tí wọ́n pọ̀ gan-an nínú ọjà náà, ọmọ á bá ọ̀gá gbé fún ọdún márùn-ún sí méje láìgba owó oṣù, ọ̀gá á máa bọ́ ọ, á sì fún un lówó àti ọjà nígbà tó bá parí kí ó lè dá dúró. Lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá, ilé àwọn òbí rẹ̀ ni ọmọ ti sábà máa ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, àwọn òbí rẹ̀ á san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọdún á sì mọ ní ọ̀kan sí mẹ́ta, lẹ́yìn èyí tí ọmọ á gba fírídọ́ọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ àti ìwé ẹ̀rí pé ọ̀gá ti dá a sílẹ̀. Ètò ti Ígbò ń fún ọmọ ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ètò ti Yorùbá ń fún un ní àdúrà àti ìwé, ó sì ku ọwọ́ ẹbí rẹ̀ láti wá owó. Ẹni tó bá fi òótọ́ inú wo méjèèjì yóò gbà pé lórí èyí, ti Ígbò dára jù.

Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ kò ní fóònù nínú rárá. Ọmọ á gbálẹ̀, á nu gíláàsì, á to páálí fóònù òfìfo síta kó lè dà bí ẹni pé ọjà kún ṣọ́ọ̀bù, á sì máa sáré. Eré sísá yìí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kékeré kì í ní gbogbo ohun tí oníbàárà ń béèrè, ó kàn máa ń sọ pé ó wà ni. Bí oníbàárà bá ti jókòó, ọ̀gá á fi ojú sọ̀rọ̀, ọmọ á gba ẹ̀yìn yọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò, á gba fóònù náà láìsanwó, á sì gbé e dé kí omi tí wọ́n fún oníbàárà tó tán nínú ike. Bí ọjà bá tà, wọ́n á san owó aládùúgbò, èrè orí rẹ̀ á sì jẹ́ ti ọ̀gá. Bí kò bá tà, fóònù á padà sílé. Láàárín bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń mọ ẹni tó ní kí ni, ẹni tí iye rẹ̀ dẹ̀, àti ẹni tí ọjà rẹ̀ ń lábùkù. Òun náà sì ń di ẹni tí wọ́n mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò kó ọjà olówó gọbọi fún ọmọ tí wọn kò mọ ọ̀gá rẹ̀.

Iye ọjà ni ó tún gbọ́dọ̀ há sórí, ìyẹn sì ti di iṣẹ́ àràárọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí náírà jẹ́, dọ́là tó ti wà ní nǹkan bí 460 náírà fò sókè, kò sì pé ọdún kan tó fi kọjá 1,500. Ẹni tó ta fóònù ní àárọ̀ lè rí i ní ìrọ̀lẹ́ pé owó tí òun gbà kò lè ra irú rẹ̀ mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé èrè tó kà sọ́wọ́, àdánù ni. Nítorí náà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ kì í dá oníbàárà lóhùn lórí iye kó tó gbọ́ iye tí wọ́n ń ta á lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń rajà máa ń rò pé ẹ̀tàn ni bí iye ṣe yàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjì; ẹ̀tàn kọ́ ni ní gbogbo ìgbà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù ni àyẹ̀wò fóònù tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó kó o wá tà. Bí wọ́n bá gbé iPhone kan sọ́wọ́ ọmọ tó ti ń lajú, kò ní kọ́kọ́ tàn án. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò yíjú sí, níbi tí ìdè méjì kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ihò tí wọ́n ń gbà ṣájì í, nítorí pé bí orí ìdè bá ti họ, ẹnìkan ti ṣí fóònù náà rí. Lẹ́yìn náà ni yóò fa ilé síìmù jáde, yóò tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, yóò sì wo àmì tíńtín kan tó yẹ kó funfun. Bí àmì náà bá ti pọ́n, omi ti wọ fóònù náà, bí ó ti wù kó máa ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tó bá tàn án tán ni yóò tẹ *#06#, kí nọ́ḿbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń pè ní IMEI lè jáde, èyí tí í ṣe nọ́ḿbà ìdánimọ̀ fóònù náà láàárín gbogbo fóònù tó wà láyé, yóò sì fi wé èyí tó wà nínú ètò fóònù àti lára páálí. Yóò wo bí bátìrì ṣe lágbára sí, nítorí pé bí agbára rẹ̀ bá ti wá sí ìsàlẹ̀ ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, oníbàárà kò ní pẹ́ padà wá ráhùn. Bí ó bá jẹ́ Samsung, *#0*# ni yóò tẹ̀, kí ojú fóònù lè di pupa, kí ó di àwọ̀ ewé, kí ó di àwọ̀ aró, kí àbàwọ́n tó bá wà níbẹ̀ lè fara hàn.

Èyí tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ àkáǹtì. Láti ọdún 2013 ni Apple ti ṣe é tó jẹ́ pé fóònù tí ẹni tó ni ín bá ti so mọ́ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí fún ẹlòmíràn, bí wọ́n tilẹ̀ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ọmọ tó bá ra irú fóònù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò ti ra páńẹ́lì àti gíláàsì, nítorí pé àfi kí wọ́n tú u tà wẹ́wẹ́. Ó sì tún lè jẹ́ pé ẹrù olè ló rà, òfin sì ka ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè sí ọ̀daràn. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó gbọ́n kì í fi í ra fóònù lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi rìsíìtì tàbí páálí hàn, tí kò sì lè ṣí i lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n á béèrè ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á sì ní kó kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sílẹ̀. Ojú lásán ti ń mú púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta ẹrù olè: ẹni tó ń ta fóònù 300,000 náírà ní 60,000, tó sì ń wẹ̀yìn, kò nílò àyẹ̀wò kankan mọ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò fóònù ni àyẹ̀wò owó. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti báǹkì dé báǹkì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ owó bébà, àwọn oníjìbìtì sì ti rí ọ̀nà láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báǹkì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tajà, èyí tí gbogbo ọjà mọ̀ sí feeki álááàtì. Òfin ṣọ́ọ̀bù lórí èyí kò gba àwáwí: àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó, àwòrán tí oníbàárà fi hàn lórí fóònù tirẹ̀ kì í sì í ṣe owó, iye tó wà nínú àkáǹtì ọ̀gá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i wò ni owó. Ó gba ìgboyà kí ọmọ ọdún méjìdínlógún tó lè sọ fún alàgbà tó wọ agbádá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, owó ò tíì wọlé," kí ó sì di fóònù mú lọ́wọ́ ara rẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé kí ó má ṣe já àgbà ní koro ni ẹ̀kọ́ yìí máa ń le fún jù.

Ti ènìyàn ló kẹ́yìn, kò sì ní ìparí. Ní ẹnu ọ̀nà ọjà, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù máa ń na ọwọ́ mú ẹni tó ń kọjá, tí wọ́n á máa wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ tà?" tàbí "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ á bá yín tún fóònù ṣe." Àwọn kan lára wọn ń gba owó alárinà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá mú oníbàárà wá fún, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe; ṣùgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ náà dúró síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń fi fóònù gidi han ènìyàn, tí wọ́n á ná an dáadáa, tí wọ́n á sì fi ọṣẹ tàbí fùfú tí wọ́n dì nínú páálí rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó gba owó. Ẹ̀gàn tí wọ́n ń kó bá àwọn tó ń ṣòwò bó ṣe yẹ pọ̀ ju owó tí wọ́n ń jí lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gidi ń kọ́ láti gbọ́ ohun tí oníbàárà kò sọ: bí ìyá kan bá ní òun fẹ́ fóònù tó dára fún ọmọ òun tó ń lọ sí yunifásítì, iye tó wà nínú àpò rẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́, kì í ṣe irú kámẹ́rà, a ó sì béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ojú má baà tì í.

Títún fóònù ṣe jẹ́ ẹ̀ka ọ̀tọ̀, pẹ̀lú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, àti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹni tó bá mọ méjèèjì papọ̀ kì í ráhùn ebi. Síìmù títà pẹ̀lú kò rọrùn mọ́, nítorí pé láti ọdún 2011 ni ìforúkọsílẹ̀ ti di dandan, láti òpin ọdún 2020 sì ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n so nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, NIN, mọ́ ọn. Ní ọdún 2015, NCC bu owó ìtanràn 1.04 tírílíọ̀nù náírà lé MTN nítorí àwọn síìmù tí kò forúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ, kí wọ́n tó dín in kù sí bílíọ̀nù 330 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń fi ìka ọwọ́ oníbàárà kan forúkọ síìmù mẹ́ta sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ló ń fi ṣeré.

Àwìn ti padà sínú òwò yìí pẹ̀lú. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta fóònù fún ẹni tó bá san díẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì máa san ìyókù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, bí ọjọ́ bá sì kọjá láìsanwó, fóònù náà á ti ara rẹ̀ pa. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ àwìn káàkiri láyé àtijọ́ ní láti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n títí tí yóò fi sanwó. Lónìí, ọjà tí oníbàárà rà ló ń bá olówó lóṣòó sínú àpò rẹ̀. Ojúṣe ẹni tó ń tà á ni láti ṣírò gbogbo owó náà fún oníbàárà kí ó tó fọwọ́ sí i, nítorí pé àpapọ̀ rẹ̀ máa ń ju iye tí wọ́n ń ta á lówó lọ dáadáa. Àwọn tó ń ṣe èyí kò pọ̀ tó.

Bákan náà ni ti ọjà tó lábùkù. Lára ọ̀pọ̀ rìsíìtì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé owó tí wọ́n bá ti san kò ní padà mọ́, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì ń kọ́ láti máa nawọ́ sí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé òfin ni. Òfin kọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń ṣàmójútó, fún ẹni tó ra ọjà tó lábùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, ìkìlọ̀ ara rìsíìtì kò sì lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń jìyà ni ọ̀rọ̀ àdánù. Bí fóònù bá sọnù nínú eré tó ń sá láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tàbí bí feeki álááàtì bá mú un, orí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ka gbèsè náà sí, wọ́n á sì fi oṣù tàbí ọdún kún àkókò rẹ̀. Ó dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, kò gba owó oṣù, síbẹ̀ òun ló ń ru ewu ọjà tí èrè rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Èyí kò tọ́. Ewu òwò yẹ kó wà lọ́rùn ẹni tó ni èrè òwò, àyàfi níbi tí ó bá hàn gbangba pé ọmọ náà jalè. Ìdí tí ẹjọ́ irú èyí fi ń pọ̀ níwájú àwọn olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi gba ọmọ wọlé, tí oníkálukú sì wá ń rántí ohun tó wù ú.

Kí òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ yìí jókòó ti ọ̀gá kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé, kí wọ́n kọ iye ọdún, ẹni tí yóò máa bọ́ ọmọ, ohun tí ọ̀gá yóò fún un nígbà fírídọ́ọ̀mù, àti ẹni tí yóò ru àdánù bí fóònù bá sọnù, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ oníkálukú. Kí ẹ̀yin olùgbọ́ tí ẹ ń ra fóònù náà má sì ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìgba rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti gbogbo nọ́ḿbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún IMEI náà.